Ibo gan-an ló yẹ kí multi-effects gbà wọnú áńpù béèsì?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ̀gbọ́n, okun o. Béèsì ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iyara. Mo ra Zoom B1 Four tòkunbọ̀ kan, ìyẹn multi-effects, pedal kékeré tó ń yí ohùn gìtá padà lóríṣiríṣi, mo gbé e sáàárín gìtá mi àti combo (áńpù àti sípíkà nínú àpótí kan) onísípíkà ínṣì 15 tí ṣọ́ọ̀ṣì ní. Nínú earphone ohùn ẹ̀ dùn gan-an, àmọ́ tó bá ti dé inú áńpù ṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bo sípíkà, ìsàlẹ̀ ò sí, ó tún ń kùn, tí mo bá sì tẹ patch kan (ètò ohùn tí mo tò pamọ́ sínú pedal) bọ́ sí òmíì, ó lè já gbogbo ìjọ láyà. Mo rí ihò SEND àti RETURN lẹ́yìn áńpù náà, ṣé ibẹ̀ ló yẹ kó gbà ni? Sound man wa náà tún ń bèèrè wáyà kan lọ sí míksà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lójú."

Okun, àbúrò mi, ilé ńkọ́, ará Iyara ńkọ́. O ṣeun tó o ṣàlàyé ẹ̀ délẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn sọ pé "pedal yìí ò dáa" ni, wọ́n á gbé e tà lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Nínú gbogbo ohun tó o sọ yìí mi ò rí àléébù kankan lára pedal rẹ, áńpù yẹn náà ò ṣẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe, ọ̀kan ń ṣe é lé èkejì lórí, ibẹ̀ ni ohùn rẹ ti ń bàjẹ́.

Jẹ́ n tú u fún ẹ. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú combo yẹn. Àkọ́kọ́ ni preamp, ibi tí nọ́bù GAIN, BASS, MID àti TREBLE wà, òun ló ń gba ohùn tín-ín-rín tó ń bọ̀ látinú gìtá, òun ló ń fún un ní ìrísí. Ìkejì ni power amp, tiẹ̀ ò ju agbára lọ, ohun tí wọ́n bá gbé fún un ló máa sọ di ńlá tá á sì fi ti sípíkà. Ìkẹta ni sípíkà fúnra ẹ̀ pẹ̀lú àpótí tí wọ́n kàn án sí. Wàyí o, àwọn tó ń ṣe multi-effects ti ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú páálí kékeré yẹn. Wo áńpù béèsì kan tó ń jẹ́ Ampeg SVT, tó jáde lọ́dún 1969, wáàtì 300, tí àpótí ẹ̀ máa ń ní sípíkà onínṣì 10 mẹ́jọ, nǹkan tó jẹ́ pé géńdé méjì ló ń gbé e. Àwòrán ẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ multi-effects béèsì, àti áńpù àti àpótí. Tó o bá fi earphone gbọ́ ọ, ó gbọ́dọ̀ dùn, torí earphone ò ní preamp, kò ní àpótí, àwòrán yẹn ló ń bá a ṣe é. Ìgbà tó o wá gbé ohùn tó ti gba áńpù kan àti àpótí kan kọjá, tó o tún gbé e gba áńpù kejì àti àpótí kejì, kí lo rò pé á ṣẹlẹ̀? Ó dà bí ìyá tó ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, tí ìyàwó ilé dé láti oko tí ò tọ́ ọ wò, tóun náà tún bu iyọ̀ sí i. Àwòrán àpótí yẹn ti gé ohùn òkè kúrò, àpótí gidi tún gé e lẹ́ẹ̀kejì. Aṣọ tó o sọ pé wọ́n dà bo sípíkà yẹn nìyẹn.

Torí náà kó o tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ṣí patch rẹ, wo ohun tó ń jẹ́ CAB, ìyẹn àwòrán àpótí sípíkà, pa á. Lórí ẹ̀rọ míì CAB dá dúró láàyè tiẹ̀, lórí òmíì abẹ́ AMP, ìyẹn àwòrán áńpù, ni wọ́n fi í sí, wá a dáadáa. Ẹ̀rọ míì tiẹ̀ ní ibi kan nínú setting tó o ti máa sọ fún un bóyá áńpù lò ń lọ àbí míksà, á wá bá ẹ pa á fúnra ẹ̀. Gbogbo patch tó máa gba inú sípíkà gìtá gidi jáde, CAB ò gbọ́dọ̀ jí nínú ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tí ò ti sí áńpù béèsì rárá lo lọ, tó jẹ́ inú míksà lo máa tààrà bọ́ sí sípíkà ńlá tó wà níta, tan CAB padà, torí níbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ṣe iṣẹ́ àpótí fún ẹ.

Ó wá kan ibi tó o ti máa ti wáyà bọ̀ ọ́. Ọ̀nà méjì ló kàn ẹ́ gan-an, ẹ̀kẹta ń bẹ tí mo máa fẹnu bà.

Ọ̀nà kìíní lèyí tó ò ń lò báyìí, gìtá sínú pedal, pedal sínú INPUT níwájú áńpù. Kò burú rárá. Ohun tó bà á jẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé AMP àti CAB jí nínú patch. Tó o bá fẹ́ gba iwájú, pa àwọn méjèèjì, jẹ́ kí preamp áńpù fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́ ẹ̀, kí pedal máa bá ẹ ṣe compressor (tó ń mú ohùn líle àti ohùn jẹ́jẹ́ sún mọ́ra), chorus (tó ń mú ohùn kan dún bíi méjì), wah, octave (tó ń fi ohùn kan náà kún un lókè tàbí nísàlẹ̀) àti tuner. Kíyè sí i pé INPUT áńpù, ohùn gìtá ló ń retí, ohùn tín-ín-rín ni, tí ohun tó ń jáde látinú pedal bá ti le jù, preamp á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ohùn láìjẹ́ pé o bẹ̀ ẹ́. Bó o ṣe máa mọ̀: tẹ pedal sí bypass, kí ohùn gìtá kọjá lásán láìjẹ́ pé pedal fọwọ́ kàn án, ta gìtá, tan án padà, ta nǹkan kan náà. Kò gbọ́dọ̀ ju ara wọn lọ. Tí áńpù yẹn bá ní bọ́tìnnì ACTIVE tàbí PAD nítòsí INPUT, tó o sì rí i pé ohùn ṣì le jù, tẹ ìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni RETURN. Gìtá sínú pedal, pedal sínú RETURN lẹ́yìn, kò sí nǹkan kan nínú INPUT. Tó o bá gba ibẹ̀, ohùn rẹ fo preamp áńpù kọjá, inú power amp ló bọ́ sí tààrà. Ó wá di pé AMP tó wà nínú pedal ni preamp rẹ, CAB ṣì wà ní pípa, sípíkà gidi ló kù. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tó o bá fẹ́ràn ohùn tó o gbọ́ nínú earphone yẹn, ọ̀nà yìí ló máa sún mọ́ ọn jù.

Èmi fúnra mi, RETURN ni mo máa ń gbà níbikíbi tó bá wà, jẹ́ n sì sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wa, Sátidé òkú ní Isanlu, Sátidé tó tẹ̀ lé e ìgbéyàwó ní Mopa, Sunday o ti padà sí Kabba, áńpù tó o máa bá nílẹ̀ ò jọra. Ìkan BASS ẹ̀ pọ̀ jù, ìkan nọ́bù MID ẹ̀ ti já, ìkan ọmọdé ti yí gbogbo ẹ̀ dé òpin kẹ́ ẹ tó dé. Tó o bá gba RETURN, lórí ọ̀pọ̀ áńpù gbogbo nọ́bù ohùn iwájú yẹn ò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan mọ́, kí ẹni tó bá wù ú yí i. Ohùn rẹ wà nínú àpò rẹ láti Egbe dé Obajana.

Àmọ́ ó ní ìkìlọ̀. Lórí àwọn áńpù kan MASTER, nọ́bù fólúùmù gbogbo áńpù, ṣì máa ń ṣiṣẹ́ tó o bá gba RETURN, lórí àwọn mìíì kò ní ṣiṣẹ́, ìyẹn ni pé fólúùmù pedal nìkan ló ń darí gbogbo agbára yẹn, torí náà yí fólúùmù pedal dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó o tó ti wáyà bọ̀ ọ́, kó o wá máa gbé e díẹ̀díẹ̀. Èkejì, RETURN ń retí ohùn tó lágbára ju ti gìtá lọ. Ìwọ̀n méjì ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú ihò báyìí, ìkan jẹ́ +4 dBu, ìyẹn bíi fóòtì (volt) 1.23, ìkejì -10 dBV, bíi fóòtì 0.32. Áńpù tó bá jẹ́ ti +4, pedal kékeré lè má tó o, wàá gbé fólúùmù dé òkè ohùn á ṣì máa ṣe bí ẹni tí ò tíì jẹun. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gbé LEVEL inú patch àti output pedal sókè, tí kò bá sì tó síbẹ̀, má jà, padà sí iwájú kó o pa AMP. Mo máa ń ní patch méjì méjì fún ohùn kan náà, ìkan tí AMP jí fún RETURN, ìkan tí AMP sùn fún INPUT. Tí mo bá dé ibi òde, mo wo ẹ̀yìn áńpù, mo mọ èyí tí mo máa lò.

Nǹkan kan tún ń bẹ tó ti da ọ̀pọ̀ láàmú: àwọn áńpù kan máa ń ní nọ́bù kékeré lẹ́yìn tí wọ́n kọ BLEND tàbí MIX sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ SEND àti RETURN. Tó bá wà lórí tiyín, yí i dé WET, ibi tí ohùn tó gba RETURN wọlé nìkan ti ń jáde, pátápátá tó o bá ń lo RETURN bí mo ṣe sọ yìí, tí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdajì agbára ẹ lo máa gbọ́, o sì lè má gbọ́ nǹkan kan rárá.

Ẹ̀kẹta ni kó o gba SEND jáde sínú pedal kó o tún gba RETURN padà, gìtá wà nínú INPUT bó ṣe máa ń wà. Ó dáa fún chorus àti delay (tó ń dá ohùn padà bíi gbohùngbohùn), àmọ́ kì í ṣe fún octave tàbí compressor, tó jẹ́ pé wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́ gìtá lásán kó tó di pé preamp fọwọ́ kàn án, ohùn SEND sì lè le ju ohun tí INPUT pedal rẹ lè gbé mì. Wàá gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ wáyà mẹ́rin, pé gìtá sí pedal, SEND pedal sí INPUT áńpù, SEND áńpù sí RETURN pedal, pedal sí RETURN áńpù. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n pedal tó ní SEND àti RETURN tiẹ̀ ló lè ṣe é, bíi multi-effects tí wọ́n ń pè ní HX Stomp. B1 Four rẹ ò ní in, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn da ọkàn rẹ rú.

Èyí tí mi ò fẹ́ kó o gbàgbé láéláé: ihò tí wọ́n kọ SPEAKER OUT sí, má ti wáyà bọ ibẹ̀ wá sínú pedal, má ti ibẹ̀ lọ sínú míksà. Áńpù wáàtì 100 tó ń ti sípíkà ohm 8, bíi fóòtì 28 ló ń gba wáyà yẹn kọjá tó bá dé góńgó. Fi í wé fóòtì kan àti díẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Á jó pedal yẹn lójú ẹ.

Ó kan ìsàlẹ̀ tó o ní ò sí. CAB ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, àmọ́ mo fura sí distortion, effect tó ń fọ́ ohùn, náà, torí ọmọ òde òní, kò sí patch yín tí ò sí i. Distortion àti chorus máa ń jẹ ìsàlẹ̀ béèsì. Wá BLEND, DRY tàbí MIX nínú effect yẹn, jẹ́ kí ohùn gìtá lásán ṣì kọjá lábẹ́ ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì, kó o wá máa fetí tọ́ ọ. Okùn E rẹ tó nípọn, 41 Hz ni (ìgbà 41 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó o bá ta á láìtẹ̀, tó bá jẹ́ gìtá olókùn márùn-ún, B ẹ̀ á wà ní 31 Hz. Tó o bá wá tan octave tó ń lọ sísàlẹ̀, tó o sì ta E yẹn, 20 Hz lo ń bi sípíkà léèrè. Etí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ, àmọ́ sípíkà ṣì máa sáré síwá sẹ́yìn láti ṣe é, agbára áńpù á sì tán síbẹ̀, gbogbo ohùn tó kù á wá rọ̀. Octave, òkè ni kó o ti máa lò ó, láti ojú ìwọ̀n (fret) keje lórí okùn A àti D, ibẹ̀ ló ti ń dún bí ẹni tó gbé ìlù ńlá. Tí pedal rẹ bá ní ohun tó lè gé ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń pè ní high-pass tàbí low cut, fi í sí 35 Hz, má bẹ̀rù, o ò ní pàdánù béèsì kankan tó máa hàn sí ẹ, wàá kàn rí i pé áńpù mí.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nínú patch rèé: octave ṣáájú torí ó fẹ́ gbọ́ gìtá tó mọ́, compressor tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà distortion tó bá wà, AMP, EQ, chorus, tí delay bá wà kó gbẹ̀yìn. Àwọn kan máa ń fi compressor síwájú, kò sí ìjà. Reverb lórí béèsì nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi páànù bò tí ò sí ceiling, èmi ò fara mọ́ ọn rárá, gbọ̀ngàn yẹn ti ní tiẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé patch ń já ìjọ láyà, ilé lo ti tò wọ́n, pẹ̀lú earphone, lóru. Ìyẹn ò lè ṣe é. Tẹ̀ ẹ́ sí bypass, fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, kó o wá tò gbogbo patch kí wọ́n bá a dọ́gba, inú áńpù ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ní ọjọ́ rehearsal, kí onílù máa lù, kẹ́ ẹ jọ ta orin kan tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú. Patch tó dún bíi pé ó pọ̀ tó nílé, tí ìlù bá ti wọlé ó lè pòórá, èyí tó ní MID díẹ̀ tó o rò pé kò dùn nílé ló máa ń gba inú ẹ̀ yọ. Patch slap (fífi àtàǹpàkò gbá okùn) nìkan lo lè jẹ́ kó lọ sílẹ̀ díẹ̀ torí òun fúnra ẹ̀ ti ń pariwo. Má sì kó ju patch mẹ́rin lọ sí ojú iṣẹ́.

Ariwo tó ń kùn yẹn wá. Kọ́kọ́ fi báàtìrì AA mẹ́rin sínú B1 Four, yọ adápítọ̀. Tí kíkùn bá lọ, adápítọ̀ lẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Tí kò bá lọ, yí fólúùmù gìtá délẹ̀, tó bá dákẹ́, gìtá tàbí wáyà ẹ̀ ni kó o yẹ̀ wò, tó bá sì ń kùn síbẹ̀, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni. Ó tún ń bẹ tó jẹ́ pé ìgbà tí wáyà míksà bá ti wọlé nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ earth, áńpù rẹ ń gba iná níbì kan, míksà ń gba iná níbòmíì, earth méjì wá pàdé nínú wáyà rẹ. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ jọ fi áńpù àti míksà sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Àwọn kan máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ earth tó wà lórí plug kúrò kí ariwo lè lọ. Má ṣe é. Ọwọ́ rẹ wà lórí okùn irin, ẹnu rẹ wà lára máíkì, earth yẹn ló ń gba ẹ̀mí rẹ là. Tẹ́ ẹ bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, dúró kí iná balẹ̀ kó o tó tan nǹkan, áńpù ni kó o tàn kẹ́yìn, òun náà ni kó o kọ́kọ́ pa.

Mo sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ adápítọ̀. B1 Four, fóòtì 9 ló ń lò, nẹ́gátífù ló wà láàárín ẹnu ẹ̀. Adápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù Yamaha tó wọ́pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, fóòtì 12 ni, pọ́sítífù ló wà láàárín. Ẹnu wọn lè wọ ara wọn. Bí mo ṣe pàdánù pedal mi àkọ́kọ́ nìyẹn, ọjọ́ òde, iná ń jó, gbogbo èèyàn ń kánjú, mo fa adápítọ̀ tó wà nílẹ̀, òórùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́, ó parí. Oṣù mẹ́fà ni mo fi kó owó òmíì jọ. So ìlẹ̀kẹ̀ tàbí aṣọ pupa mọ́ tìẹ kó o lè máa dá a mọ̀ nínú òkùnkùn.

Ó ku sound man. Tó o bá gba INPUT, tí áńpù bá ní DI OUT, ihò tó wà fún fífi ohùn ránṣẹ́ sí míksà, ìyẹn á gbé gbogbo ohùn pedal lọ sí míksà fún un, ó parí. Tó o bá gba RETURN, ibẹ̀ ló le díẹ̀, torí lórí ọ̀pọ̀ áńpù iwájú RETURN ni DI OUT ti ń mú ohùn, tó o bá wá fo ibẹ̀ kọjá míksà ò ní gbọ́ nǹkan kan, ìwọ á máa jó lórí pèpéle, ìta á dákẹ́. Kó lè dá ẹ lójú, fi gìtá sí RETURN, kí sound man yọ gbogbo ohun tó kù lórí míksà, kó gbé tìẹ nìkan. Tí kò bá gbọ́ ẹ, DI box kan lẹ máa lò, àpótí kékeré tó ń pín ohùn sí áńpù àti míksà, èyí tí ò gba iná náà á ṣe é. Pedal sínú INPUT ẹ̀, THRU ẹ̀ sínú RETURN áńpù, wáyà máíkì láti ara ẹ̀ lọ sí míksà, kẹ́ ẹ tẹ GROUND LIFT tó bá ń kùn. Sọ fún sound man pé kò sí CAB nínú ohùn tó ń bọ̀ o, kó gé òkè ẹ̀ díẹ̀ lórí míksà, láti bíi 5 kHz lọ sókè, kó má baà máa ha etí àwọn tó jókòó níwájú.

Ya fọ́tò ẹ̀yìn combo yẹn fún mi, kó mọ́lẹ̀ dáadáa kí n lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ihò kọ̀ọ̀kan, pàápàá bóyá BLEND wà níbẹ̀ àti bóyá wọ́n kọ PRE (ṣáájú) àti POST (lẹ́yìn) sẹ́gbẹ̀ẹ́ DI, tó ń sọ ibi tó ti ń mú ohùn. Tí POST bá wà níbẹ̀, dán an wò ná kẹ́ ẹ tó náwó sórí DI box.